Mínírà Tí Bàbá Àjàmú Kò Mu

Òjò rọ̀ mọ́jú ní Ìsọlọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, oòrùn yọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Wàsílátù jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, ó fi Ìsíátù ọmọ rẹ̀ sáàárín orúnkún, ó ń dirun fún un.

"Màámi, ẹ rọra, ó ń dùn mí."

"Èyí ni wàá pè ní dídùn? Bí Ìyá Babáṣọlá ló bá dì í, ojú ẹ ò ní í lè pa dé lálẹ́."

Ìyá Babáṣọlá, tí wọ́n jọ háyà yàrá nínú ilé kan náà, yọ orí láti ilé ìdáná. "Mo gbọ́ o! Irun tí mo dì fún ọmọ kan lọ́dún Iléyá ṣì wà lórí ẹ̀ dòní. Tiyín yẹn, bó bá di ọ̀la tí kò tú, ẹ wá bá mi!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ rere ni, lójú ẹni tí kò mọ ohun tó ń bọ̀.

Ọdún 1977 ni. FESTAC ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, owó epo ń ṣàn nílùú, katakata àti típà kò sì jẹ́ kí ojú ọ̀nà sinmi láti Òṣòdì títí dé Okota. Ìjọba ti sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ ya wọlé, wọ́n pọ̀ ju yàrá lọ, ni wọ́n bá pín wọn sí méjì: apá kan ń lọ láàárọ̀, apá kejì ń lọ lọ́sàn-án. Ọ̀sán ni Ìsíátù ń lọ. Ọ̀sán náà ni wọ́n yan ìyá rẹ̀ sí ní ilé iṣẹ́ òwú. Nítorí náà, bí àwọn méjèèjì bá ti jọ jáde, kò sí ẹni tó lè lọ mú ọmọ wálé ní ìrọ̀lẹ́.

Kòtò kan sì wà lójú ọ̀nà ilé-ìwé. Kọ́ńpìnnì kékeré kan ló gbẹ́ ẹ. Ilẹ̀ pupa ni wọ́n ń wá, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe títì ń tẹ́ sábẹ́ ọ̀dà, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ńlá tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí yóò fi le gbagidi. Títì tí kò bá ní ilẹ̀ pupa nísàlẹ̀, òjò ọdún kan á fọ́ ọ. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kó ilẹ̀ náà tó, wọ́n kó katakata wọn lọ, wọ́n fi kòtò sílẹ̀ tó la ẹnu sókè. Òjò dé, omi kún un. Ẹni tó bá wò ó lókèèrè á rò pé omi kókósẹ̀ lásán ni. Etí rẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ ń gbà kọjá, nítorí kòtò náà ti jẹ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀.

Àwọn òbí kò ṣàì rí i. Kódà, Bàbá Àjàmú tó ni ilé tí Wàsílátù ń gbé ti kó àwọn àgbà kan lẹ́yìn lọ sí ọ́fíìsì kọ́ńpìnnì náà. Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá Àjàmú. Kò sí ẹjọ́ àdúgbò tí kì í dá sí. Nígbà tó dé, Wàsílátù kúnlẹ̀ kí i káàbọ̀, ó béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

"Ọmọlúàbí gidi ni ọ̀gá wọn," ni Bàbá Àjàmú wí. "Olúbọ̀wálé ló ń jẹ́. Ó dìde nílẹ̀ fún mi! Ó ní kí wọ́n gbé mínírà tútù wá. Mo kí i, mo kí àwọn tó bí i, mo ṣàdúrà sí iṣẹ́ wọn, ó ń ṣe àmín."

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Kòtò ńkọ́?"

Bàbá Àjàmú fọwọ́ pa fìlà rẹ̀ dà. "Kòtò... Ó bi wá pé ṣé kò sí. A ní kò sí o, a kàn ní ká wá kí yín ni. Ìwọ náà wò ó, ta ló ń mu mínírà ènìyàn tán tó tún ń dojú ọ̀rọ̀ kọ ọ́? Ó mọ ohun tó gbé wa wá. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí."

Wàsílátù dúpẹ́, ó wọlé. Ṣùgbọ́n ohun kan ń ta á lọ́kàn: àbọ̀ ọ̀rọ̀ náà gan-an, ta ló sọ ọ́?

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ó jókòó lẹ́yìnkùlé tí ó ń dirun fún ọmọ rẹ̀. Ó parí i, ó fi òróró pa á, ó sì kìlọ̀ fún Ìsíátù pé kó má ṣe súnmọ́ omi. Ọmọ ní òun gbọ́. Oníkálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, òjò tún bẹ̀rẹ̀. Etí kòtò ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Sálúbàtà Ìsíátù há sínú ẹrẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ kó fà á yọ, ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ya lọ sínú omi pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ọmọ tó kù figbe ta. Mísbáù, ẹni tó ń jó irin mọ́ irin ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, sáré dé. Kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, kò sì bẹ́ sómi. Ọlọ́run ló fún un lọ́gbọ́n tí kò fi bẹ́ sí i, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ tó bẹ́ sómi láti yọ ẹni tó ń rì, òkú méjì ni wọn ì bá wá gbé. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja kí etí kòtò má bàa tún ya, ó na páìpù irin gígùn kan sínú omi, ó ń fi wá ọmọ náà kiri títí orí páìpù fi kọ́ bẹ́líìtì yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Ó fà á. Ìsíátù jáde, ojú rẹ̀ ti yí padà, omi ń tú lẹ́nu àti nímú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi máa pe Wàsílátù nídìí ẹ̀rọ, ọmọ ti wà ní ọsibítù. Omi ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ibà gbé e dè, ó ń sín, ó ń wúkọ́, kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Wàsílátù jókòó ti bẹ́ẹ̀dì náà, ó ń wo irun tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ dì. Ẹrẹ̀ pupa ti gbẹ sínú rẹ̀.

Ọlọ́run dá a sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n mú un délé, kò fẹ́ rí omi mọ́. Bí wọ́n bá gbé báàfù ìwẹ̀ síwájú rẹ̀, á bú sẹ́kún. Ọjọ́ tí Gàfárù, baba rẹ̀, rí èyí, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Bíríkìlà ni Gàfárù, ó ń kọ́lé ní Ire-Akari, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Ìyá Ìsíátù, gbọ́ mi. Bí ìsinmi ilé-ìwé tó ń bọ̀ bá parí tí kòtò yẹn ṣì la ẹnu sílẹ̀, ọmọ yìí ń lọ bá ìyá mi ní Ìsẹ́yìn. Ibẹ̀ náà nílé-ìwé wà."

"Ìsẹ́yìn? Ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní?"

"Nítorí pé ọ̀kan ṣoṣo ni mo ṣe sọ ọ́."

Lójú Wàsílátù, ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kòtò náà kò fún un lóorun mọ́.

Ìyá Babáṣọlá ló mú ìròyìn wá. "Obìnrin kan ń wá sí ilé-ìwé ní gbogbo Sátidé. Ó ń kọ́ àwọn òbí níṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo? Bí wọ́n ṣe ń bímọ?"

"Ìyẹn, èmi ni kí wọ́n wá gbà sí tíṣà, mo ní mẹ́fà! Ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbẹnu sọ fún ọmọ. Dìde, jẹ́ ká lọ."

Olúfọlákẹ́ Abórìṣàdé ni obìnrin náà ń jẹ́. Ó ti ṣe tíṣà rí, ó wá bọ́ sí ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ìgbé ayé ará ìlú. Kò ga, ohùn rẹ̀ kò sì le. Àwọn òbí jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kékeré, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ìbéèrè ni obìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀.

"Ta ni olórí àdúgbò yín?"

Wọ́n dárúkọ baálẹ̀, wọ́n dárúkọ àwọn onílé.

"Ó dáa. Ta ni olórí àwọn ọmọ?"

Ẹnì kan tún dárúkọ baálẹ̀.

"Ẹ̀yin ni," ni Ìyáàfin Abórìṣàdé wí. "Ọmọ kò lè lọ sí ọ́fíìsì. Ọmọ kò lè dìbò. Bí a bá fi kòtò sílẹ̀, bí a bá pọ̀ jù sínú kíláàsì, ọmọ á kàn máa gba ibẹ̀ kọjá ni, á rò pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Òbí kan lè sunkún lórí ọmọ rẹ̀. Òbí púpọ̀ tó fi ọgbọ́n pa ohùn pọ̀, wọ́n á gbọ́ wọn."

Bí obìnrin náà ṣe ń kọ́ni wu Wàsílátù púpọ̀. Kì í sọ pé ẹ ṣe báyìí, kó sì lọ jókòó. Ó ya kòtò sára pátákó, ó bi wọ́n: ta ló gbẹ́ ẹ? Ta ló ni ilẹ̀? Ta ló fún ẹni tó gbẹ́ ẹ láàyè? Ó fa ìlà láti ọ̀dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wá sínú kòtò. "Bí ẹ kò bá mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á máa ju yín síra wọn bí bọ́ọ̀lù." Wàsílátù rántí iṣẹ́ rẹ̀. Nídìí ẹ̀rọ òwú, bí fọ́nrán kan bá já, a kì í fa gbogbo òwú tú. Orí èyí tó já là ń wá, a ó so ó, iṣẹ́ á sì tẹ̀síwájú. Ìlà ara pátákó yẹn, wíwá orí òwú ni.

Lẹ́yìn náà ni ó rán wọn jáde. "Ẹ má ṣe sọ pé kòtò náà jìn. Gbogbo kòtò ló jìn. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n." Wàsílátù àti Mísbáù so òkúta mọ́ okùn, wọ́n jù ú sínú omi títí òkúta fi dúró sínú ẹrẹ̀, wọ́n sì fà á yọ. Ibi tí omi rin okùn náà dé fara hàn kedere. Mísbáù wo okùn náà, ó wo ara rẹ̀, ó sì sọ pé, "Àǹtí, ọjọ́ yẹn, ká ní mo bẹ́ sí i..."

Wọn kò dúró de ọ̀gá kankan láti ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gé ọparun, wọ́n fi ṣe ọgbà yí etí kòtò ká. Wọ́n pín ọjọ́ láàárín ara wọn: òbí tí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ ti àárọ̀ ló ń dúró lójú ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ láti kó àwọn ọmọ kọjá. Ṣùgbọ́n ọparun kì í pẹ́ jẹrà nínú òjò, gbogbo wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ sísọ. Ìyáàfin Abórìṣàdé ní kí wọ́n dán an wò níbẹ̀. Ìyá Babáṣọlá yọ̀ǹda láti ṣe ọ̀gá. Ó gba awò ojú tíṣà, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó fẹnu yọ ṣùtì. "Ẹ̀yin wo nìyí? Kí lẹ fẹ́ ní ọ́fíìsì mi? Ẹ ò rí i pé mò ń jẹ ẹran?"

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Wàsílátù jáde. Ó kúnlẹ̀. Ó kí ọ̀gá, ó kí ìdílé ọ̀gá, ó dúpẹ́ títì tí wọ́n ń ṣe, ó ṣàdúrà kí iṣẹ́ wọn má bàjẹ́. Ọ̀gá ń mi orí. Bí ìkíni ṣe ń gùn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń jìnnà sí i. Nígbà tí ọ̀gá wá bi í pé ṣé kò sí, ó dá a lóhùn. "Kò... kò sí o, sà."

Kíláàsì hó yèè. Wàsílátù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì í. Ó ti ń bínú sí Bàbá Àjàmú nínú láti ìgbà tí omi ti gbé ọmọ rẹ̀. Ó wá rí i báyìí pé inú ihò kan náà lòun àti Bàbá jọ já sí.

"Ẹ má jẹ́ kó dùn yín," ni Ìyáàfin Abórìṣàdé wí. "Ẹ̀kọ́ ilé ni. Ìkíni dára, ìkíni ni ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ́ ẹnu ọ̀nà láìkọ́ yàrá? Ẹ kí i, kẹ́ ẹ sì wọlé. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó ṣe. Ẹ béèrè ẹni tó máa ṣe é àti ọjọ́ tó máa ṣe é. Bí ẹ kò bá tíì gbọ́ ọjọ́, ẹ má dìde."

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní kí wọ́n yáa fi àwọn arúgbó sílẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ lọ. Wàsílátù kọ̀. "Bí a bá lọ láìsí àgbà, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá yẹn máa béèrè ni pé bàbá yín dà."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Àjàmú, ó ní kó bá wọn wá sí kíláàsì.

"Ẹ fẹ́ kọ́ èmi ní ọ̀rọ̀ sísọ?" Bàbá Àjàmú gbé ojú sókè. "Èmi tí mo ti bá òyìnbó rélùwéè sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bí ìyá rẹ?"

"Bàbá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi náà dán an wò lónìí. Mo kí ọ̀gá títí ọ̀rọ̀ fi gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Ẹrù méjì ni, ẹnì kan ò lè rù ú. Ẹ bá wa gbé ìkíni, ẹ jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀."

Bàbá Àjàmú bọ́ fìlà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "Ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti ń wẹ̀?"

"Ó ṣì ń sunkún, Bàbá."

Ó sọ fìlà rẹ̀ kalẹ̀ sórí itan. "Sátidé, agogo mélòó ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀?"

Ó lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kékeré bíi ti gbogbo wọn. Ìkíni ni wọ́n ní kó máa fi kọ́ra, kó má gùn. Ìgbà àkọ́kọ́, ó kí ọ̀gá dé orí baba ńlá rẹ̀. Ìyá Babáṣọlá ní, "Bàbá, ọ̀gá ti sùn lọ o!" Bàbá Àjàmú gan-an ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Ó wuni láti máa wo irú àgbà bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò tijú láti kọ́ ohun tí ó rò pé òun ti mọ̀.

Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi, wọ́n kọ́kọ́ dé kánsù àti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi wọ́n ṣe bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọrí sí ọ́fíìsì kọ́ńpìnnì.

Olúbọ̀wálé dìde fún Bàbá Àjàmú gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. "Bàbá mi! Ẹ tún wá kí mi? Ẹ ṣeun o. Albert! Gbé mínírà tútù wá fún àwọn bàbá àti ìyá mi!" Ìránṣẹ́ rẹ̀ jáde lọ.

Bàbá Àjàmú fa èémí sínú. "Ọmọ mi, a kí ọ, a kí ilé, a kí iṣẹ́. Lónìí, ọ̀rọ̀ ló gbé wa wá. Ìyá Ìsíátù, ó kù sí ọ lọ́wọ́."

Ìyá Babáṣọlá fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Nínú kíláàsì gan-an, kò kúrú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wàsílátù kúnlẹ̀, ó dìde, ó yọ okùn jáde nínú àpò. "Sà, ọmọ mi ṣubú sínú kòtò tí ẹ gbẹ́ lójú ọ̀nà ilé-ìwé. Ẹni rere kan ló fi irin fà á yọ, òun nìyí. Okùn yìí la fi wọn omi náà." Ó gbé òkúta sílẹ̀, ó na okùn sókè. Ó kọjá àyà rẹ̀, ó kọjá orí rẹ̀, apá rẹ̀ kò tó o mọ́. Mísbáù gba orí okùn náà, òun náà sì ní láti na ọwọ́. "Ibẹ̀ yẹn ni omi dé. Ọmọ mi ga tó ibí." Ó fi ọwọ́ kan abẹ́ àyà ara rẹ̀. "A fẹ́ kí ẹ dí kòtò náà kí ilé-ìwé tó wọlé padà."

Ẹ̀rín kúrò lójú Olúbọ̀wálé. "Háà, Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run ló yọ ọ́. A máa wò ó."

"Ẹ ṣeun, sà. Ta ló máa wò ó? Ọjọ́ wo ló máa wò ó?"

"Ṣé ẹ rí i, ilẹ̀ yẹn kì í ṣe tiwa. Ti ọmọ onílẹ̀ ni. Kánsù ló yẹ kẹ́ ẹ bá sọ ọ́."

"A ti dé kánsù, sà. Wọ́n ní dídí kòtò wà nínú àdéhùn tí wọ́n fi gbà yín láàyè. Wọ́n ní ká bá yín sọ ọ́ ná, bí ẹ ò bá dá wa lóhùn, ká padà wá bá àwọn. Àwọn ọmọ onílẹ̀ náà ní àwọn fẹ́ kẹ́ ẹ dí i."

Ìgbà yẹn ni Albert wọlé pẹ̀lú mínírà. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà, omi tútù ń kán lára ìgò. Ó gbé e ká iwájú wọn. Inú Olúbọ̀wálé fúyẹ́. "Bàbá, ẹ mu nǹkan ná. Ọ̀rọ̀ kì í sá lọ."

Bàbá Àjàmú wo ìgò náà. Ó gbé itọ́ mì. Lẹ́yìn náà ni ó fi ìka kan tì í jẹ́ẹ́jẹ́ kúrò níwájú ara rẹ̀.

"Lóòótọ́ ni, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kì í sá lọ. Omi kòtò yẹn náà ò sá lọ. Mo mu mínírà rẹ lẹ́ẹ̀kan, mo fi gbé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mì. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni kòtò gbé ọmọ inú ilé mi mì. Jẹ́ kí tòní wà níbẹ̀ ná. Ìgbà tí o bá dá ọjọ́, ọ̀fun mi á là."

Ìyá Babáṣọlá náà ti tirẹ̀ síwájú, Mísbáù ti tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó pariwo. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bí ire ní ilẹ̀ Yorùbá mọ ohun tó túmọ̀ sí kí àgbà kọ omi nílé rẹ̀.

Olúbọ̀wálé nàró. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe mí báyìí."

"Mi ò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ọjọ́ ni mò ń retí."

Ọ̀gá náà wo okùn tó wà lọ́wọ́ Mísbáù. Ó mí kanlẹ̀. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Fọ́máànù mi fúnra ẹ̀ ló máa kó ẹ̀rọ wá."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé, kò sẹ́ni tó wá. Gàfárù dé láti ibi iṣẹ́, ó wo kòtò, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Màá ránṣẹ́ sí Ìsẹ́yìn."

"Fún mi di ọ̀la," ni Wàsílátù wí. Ìyáàfin Abórìṣàdé ti kìlọ̀ fún wọn pé ìlérí tí a kò bá padà lọ béèrè, ẹni tó ṣe é á rò pé a ti fi jì í. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn kan náà ló padà lọ, àwọn òbí mìíràn sì kún wọn. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì. Nígbà tí Olúbọ̀wálé dé, ìkíni Bàbá Àjàmú tún kúrú sí i: "Ọmọ mi, ẹ kú àárọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti kọjá."

Kí oòrùn tó dé àtàrí, katakata ti ń bọ̀ lọ́nà.

Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ da ilẹ̀ sínú omi bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tètè lọ. Gàfárù ló bọ́ síwájú, òun tí kì í sọ̀rọ̀. "Ẹ dúró! Ilẹ̀ tí ẹ bá dà lé omi, ẹrẹ̀ ló máa dà. Òkè rẹ̀ á gbẹ, abẹ́ rẹ̀ á ṣì rọ̀, ọmọ tó bá tẹ̀ ẹ́ á rì. Ẹ fa omi náà kúrò ná." Fọ́máànù bi í pé ta ni ó jẹ́. "Baba ọmọ tó ṣubú síbẹ̀ ni mí." Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi wá. Nígbà tí omi tán, wọ́n kó òkúta sí ìsàlẹ̀, wọ́n da ilẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń tẹ ìpele kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó da òmíràn lé e. Òbí kan kò yẹ̀ níbẹ̀ títí wọ́n fi parí.

Olúbọ̀wálé wá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n parí. Ó gbé ìgò mínírà kan lọ́wọ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Àjàmú. "Bàbá, ẹ bá mi mu ún."

Bàbá Àjàmú gbà á. Ó dúró sí òdìkejì ibi tí kòtò ti wà tẹ́lẹ̀, ó sì pe Ìsíátù. Ọmọ náà di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Wàsílátù kò tì í. Ó kàn tẹ ilẹ̀ náà níwájú rẹ̀, ó fi gìgísẹ̀ gbá a mọ́lẹ̀, ó sì na ọwọ́ sẹ́yìn. Nígbà tó ṣe, ọwọ́ kékeré kan bọ́ sínú ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n jọ rìn ín. Bí wọ́n ṣe dé òdìkejì, Bàbá Àjàmú ṣí mínírà náà, ó fún ọmọ náà.

"Tìrẹ ni. Èmi ti mu tèmi."

Ìsíátù kò lọ sí Ìsẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ gbogbo rẹ̀. Nínú òjò ọdún yẹn kan náà, ọmọkùnrin kan kú sínú irú kòtò bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò mìíràn tí kò jìnnà. Gbogbo ará ibẹ̀ ló ti rí kòtò náà. Oníkálukú rò pé ẹnìkan ti lọ sọ ọ́. Nígbà tí Bàbá Àjàmú gbọ́, ó sọ pé, "Wọ́n ti lọ kí ọ̀gá ibẹ̀ ni, bíi tèmi."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, wo ọ̀nà tí ọmọ rẹ ń gbà lọ sí ilé-ìwé. Rìn ín fúnra rẹ, ní àkókò tí ọmọ ń rìn ín. Ewu tí o bá rí níbẹ̀, wọ̀n ọ́n. Wá ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Pe àwọn òbí bíi tìrẹ, má sì fi àgbà sílẹ̀ lẹ́yìn. Kí ẹ kí ọ̀gá dáadáa, nítorí ọmọ ẹni ire ni yín. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ̀rọ̀, kí ẹ má sì dìde láìgbọ́ ọjọ́. Omi kì í gbọ́ ìkíni.